Ọjọ́ Tí Wọ́n Rí Darla Nínú Igbó

Bí ẹ bá béèrè irú èèyàn tí Darla Haskett jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tọ́ ọmọ igi fún iléeṣẹ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn Oregon, níbi tí òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá tí kì í sì í rántí ilé títí oṣù kẹfà fi ń dé. Ó lè dúró nídìí tábìlì láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kó máa tú gbòǹgbò ọmọ igi kúrò lára ara wọn, kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Òun ló tọ́jú ìyá rẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń gbé e dìde, tó ń gbé e jókòó, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Nígbà tí ìyá fi máa dákẹ́, ara Darla ti di àga tí ẹlòmíràn ń jókòó lé. Kò rántí mọ́ pé ara náà wúlò fún nǹkan mìíràn.

Ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú ló pàdé Royce, wọ́n sì fẹ́ra wọn. Royce ń tún ayùn ńláńlá tí wọ́n fi ń gé igi ṣe. Ọkùnrin gíga ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ariwo ayùn ti jẹ etí òsì rẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti gba ọwọ́ ọ̀tún wá.

Kò sẹ́ni tó jókòó pète eré wọn yìí. Ọ̀sán Sátidé kan ni, wọ́n ń jẹun, Royce na ọwọ́ mú sọ́séèjì tó kù nínú àwo ìyàwó rẹ̀, ó sì sá. Darla lé e. Ó lé e yí tábìlì po, ó lé e dé pálọ̀, ó fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì gé e jẹ léjìká. Ohùn kan jáde láti ikùn rẹ̀ tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, ohùn kíkùn bíi ti ẹranko tó di ẹran mú tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Darla kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún.

"Kí nìyẹn?" Royce bi í.

"Mi ò mọ̀. Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí." Royce fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. "Ó sì dùn mọ́ mi. Tún un ṣe."

Wọ́n wá ìdí rẹ̀ kiri lórí fóònù, wọ́n sì rí i pé àwọn kan ti tọ ọ̀nà yẹn ṣáájú wọn, àgbàlagbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń san owó orí. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un. Bí a bá ní ká pè é lédè wa, a lè pè é ní eré tí ara ti mọ̀ kí ọgbọ́n tó dé: kí àgbà méjì tó ti gbà fún ara wọn máa lé ara wọn, kí wọ́n máa kùn bí ẹranko, kí wọ́n máa wọ̀yá ìjà, kí wọ́n máa deyín mọ́ ara wọn. Nígbà míì á parí sórí ibùsùn. Nígbà míì oorun lásán ló máa gbé wọn lọ.

Ẹni tó là wọ́n lóye ni Verna, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré náà máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì, wọ́n á jẹ páńkéèkì, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọjá á rò pé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n.

"Ẹni tí wọ́n ń lé ló ni eré náà," Verna sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Tó bá ní ó tó, ó ti tó nìyẹn. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ rò pé ó ṣì ń ṣeré."

"Tó bá ń pariwo pé kí n fi òun sílẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé ara eré ni?" Royce béèrè.

"Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa yan ọ̀rọ̀ kan tí kò lè ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ohunkóhun tan."

Ibi tó sọ ọ́ dé ni ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti débẹ̀. "Ṣé kí n fi bọ́tà kún un fún yín?"

Royce wo Darla. Darla wo Royce. "Bọ́tà," ni Royce sọ, Darla sì rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.

Verna kò rẹ́rìn-ín. "Bọ́tà náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa jókòó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dìde, ibi tí eyín lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ẹ má mutí sí i. Tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má kàn dìde lọ fọ abọ́. Ibi tẹ́ ẹ lọ jìnnà. Ẹ mú ara yín padà wálé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mẹ́ta. Àbúrò bàbá Royce ní ilẹ̀ igbó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan igbó ìjọba, kò sí ọgbà láàárín. Ní ọ̀sán Sunday, wọ́n á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wọn tó ní àwọ̀ ewé síbi tí ọ̀nà parí sí, wọ́n á jókòó nínú rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní í sọ, Darla á bọ́ bàtà, á sì sá. Ẹni yòówù tó bá sọ bọ́tà, àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ṣí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti fi kọ́ra títí ara wọn fi mọ̀ ọ́n láìrò ó.

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, nínú igbó, ó di ẹlòmíràn. Á gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù, á gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, gbogbo ohun tó ti rò láàárọ̀ á jábọ́ bí ẹrù tí okùn rẹ̀ já. Tí Royce bá mú un, á jà dáadáa. Á gé e jẹ, á kùn, á ta á nípàá. Nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n, Royce á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, á bu tíì gbígbóná sínú ife fún un, á máa yẹ ara rẹ̀ wò.

"Ṣé o ti padà dé?"

"Mò ń bọ̀," Darla á dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà níbòmíràn.

Sunday kẹta nínú oṣù kẹwàá ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì dá. Darla sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fo odò kékeré kan kọjá, kò fiyè sí i pé òun ti kúrò lórí ilẹ̀ àbúrò bàbá ọkọ òun. Lẹ́bàá igi ńlá kan tó wó ni Royce ti bá a. Ó gbé e lulẹ̀, Darla kígbe, ó yí padà, ó deyín mọ́ ọn léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Obìnrin kan wà lókè, ó ń ṣa olú sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tó rí ni pé ọkùnrin gìrìwò kan jókòó lé obìnrin kan tí kò wọ bàtà, tí obìnrin náà sì ń ké. Ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ sójú ọ̀nà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ibi tí fóònù rẹ̀ ti lè ṣiṣẹ́, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ẹni tó gbé ìpè náà ni Janelle, ẹ̀gbọ́n Darla.

Iṣẹ́ Janelle nìyẹn, ó ń gbé ìpè pàjáwìrì ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá àgbègbè náà. Ó gba iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn tí Curt, ọkọ rẹ̀ àtijọ́, fọ́ ọ ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún kọkànlá rèé, síbẹ̀ bí òtútù bá mú, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹun. Obìnrin olólú náà ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún: irun pupa ni obìnrin ọ̀hún ní, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé kan wà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Kó tó ka nọ́ńbà náà tán ni Janelle ti mọ̀ ọ́n.  Ó bi í ní gbogbo ohun tó yẹ kó bi í, ó rán ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì jáde, ó yọ ohun tó kì sétí kúrò, ó sì bì sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ń jẹ́ Teague, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó bá wọn, wọ́n ti padà dé ìdí ọkọ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn Darla, ọwọ́ Royce sì wà léjìká rẹ̀.

"Ìwọ, kúrò lára rẹ̀. Gbé ọwọ́ sókè."

Etí òsì ni Royce kọ sí i. Kò gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú láti gbé ife tíì tó wà lórí ọkọ̀.

Teague fa ìbọn yọ.

Darla rí ìbọn náà. Ó la ẹnu láti sọ pé kó má yìn ín, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bọ́tà." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀, Royce sì wó lulẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Teague dúró. Ó rọra sọ ìbọn náà kalẹ̀. 

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Royce lọ́wọ́, wọ́n sì fi í sẹ́yìn ọkọ̀. Teague mú Darla lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màdáámù, ẹnu yín ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ni."

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún wò ó. "Ṣé ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Darla wá sọ ọ́ fún un. Obìnrin tí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta níbi iṣẹ́ dúró nínú òtútù, láìwọ bàtà, ó ń ṣàlàyé fún àlejò tó tó bí lọ́mọ, ohun tí òun àti ọkọ òun jọ gbà láti máa ṣe, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró. Etí Teague pọ́n. Ó lọ bi Royce lọ́tọ̀, ó padà wá, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Lẹ́yìn wákàtí kan ó tú ọkùnrin náà sílẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe nílé yín, mi ò sí níbẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ibi tí obìnrin yẹn ti rí yín, ilẹ̀ ìjọba ni. Ẹnikẹ́ni ló lè kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yìnbọn fún ọkọ yín. Mo ní ìyàwó nílé, màdáámù, kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

Ìlú kékeré kì í pa àṣírí mọ́. Kí Friday tó dé, ìtàn ti dé ibi iṣẹ́. Darla ń kọjá lọ bu omi, ẹnìkan lẹ́yìn tábìlì hu bí ìkookò, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o," òmíràn ní, "ẹ má jẹ́ kí ebi pa á." Darla bu omi rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń fa gbòǹgbò já.

Ti ìta kò tó ti inú ilé. Royce kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ìpẹ̀kun ibùsùn ló ń sùn, ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ṣì dè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Darla gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó rọra kùn sí i létí. Royce dìde kúrò lórí àga.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Kò sóhun tó o ṣe. Mo rí ojú mi nínú dígí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ewé wà nírun mi, ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ mi. Darla, ká ní èmi ni obìnrin olólú yẹn, èmi náà á pè wọ́n." Ó lọ dúró lójú fèrèsé. "Bóyá ohun tó rí yẹn gan-an ló wà nínú mi. Bóyá bọ́tà nìkan ló ń dì í mú."

 Darla ti pe Janelle nígbà mẹ́sàn-án, Janelle kò gbé e. Ó wá lọ bá Verna nílé. Ó rò pé Verna yóò rẹ òun lẹ́kún.

"Ta ló fọwọ́ sí eré yẹn lọ́jọ́ náà?" Verna bi í.

"Èmi àti Royce."

"Obìnrin tó ń ṣa olú ńkọ́? Ta ló bi í?"

Darla wo ilẹ̀. "A ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní kó o máa tijú ohun tó o jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fa èèyàn mẹ́ta wọnú eré tí wọn ò gbà láti ṣe: obìnrin yẹn, ọmọkùnrin tó ní ìbọn lọ́wọ́, àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí lo wá ń ṣe lọ́dọ̀ mi? Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló yẹ kó o wà."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Darla bá Janelle lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó ń la igi ìdáná. Janelle rí i, kò dúró.

"Ajá ti dé," ó wí.

"Jan."

"Ṣé wọ́n tú ẹ sílẹ̀ ni, àbí o já okùn?"

"Jan, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Janelle la igi mẹ́ta sí i kó tó fi àáké sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí mo ń rò nígbà tí mo jókòó síbẹ̀? Mò ń ro aṣọ tí màá fi sin ẹ́. Aláwọ̀ búlúù yẹn, èyí tó o wọ̀ nígbà ìsìnkú Mọ́mì. Ìdajì wákàtí ni mo fi rò ó kí Teague tó pè pé o wà láàyè, tó ní eré lẹ̀ ń ṣe." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo sọ fún Curt pé ó tó. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi ò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni ìwọ mú, tó o lọ ń fi gbafẹ́."

"Kì í ṣe ohun kan náà."

"Láti òkèèrè, ohun kan náà ni."

 Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ta ló máa wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ń sẹ̀ lé wọn lórí. Janelle tún bi í.

"Tó o bá sọ ọ̀rọ̀ tí Teague ní o pariwo yẹn, ó máa ń dúró?"

"Ó máa ń dúró."

"Nígbà gbogbo?"

Ìbéèrè náà ní ìdáhùn rírọrùn kan, Darla sì fẹ́ fi í fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ láti ẹnu àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀kan wà tó pẹ́," ó wí. "Ìgbà ìrúwé tó kọjá. Etí tí kò gbọ́ràn ló kọ sí mi, odò sì ń pariwo. Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sínú omi, ó sunkún bí ọmọdé. Láti ìgbà yẹn, mo tún máa ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè mọ̀ ọ́n lára."

"O ò bá ti parọ́ fún mi."

"Mo mọ̀."

Janelle jókòó sórí ìtì igi. "Kí lò ń rí níbẹ̀, Darla? Sọ ọ́ kó yé mi. Mi ò ní rẹ́rìn-ín."

 Ohun tó jáde lẹ́nu Darla kò tiẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ igbó. "Mo gbé Mọ́mì fún ọdún mẹ́fà. Tí mo bá ń sùn, mo ṣì ń gbé e. Lẹ́yìn tó kú, mo ṣì ń gbé e. Tí mo bá ń sá nínú igbó, tí Royce ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tí mo gbé."

Janelle bo ojú rẹ̀. "Èmi ò sí níbẹ̀ láti bá ẹ gbé e."

"Wọ́n fi wáyà dè ẹ́ lẹ́nu nígbà yẹn, Jan. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ́."

Wọn ò dì mọ́ra. Janelle dìde, ó ń ṣa igi tó là jọ. "Mi ò lè fẹ́ràn eré yẹn láéláé. Má retí pé màá fi bá ẹ ṣàwàdà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún máa lọ, sọ fún mi kẹ́ ẹ tó lọ, sì sọ fún mi tó o bá délé. Mi ò lè tún gbé irú ìpè yẹn lójijì."

Darla fẹ́ kọ lẹ́tà sí obìnrin olólú náà. Janelle ní òfin ò gbà kí òun dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti pè é, òun ti sọ fún un pé ẹni tó rí yẹn wà láàyè, kò sì fara pa. Obìnrin náà kò tíì padà wọ igbó láti ọjọ́ náà.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni Royce tó gbà láti tún gbìyànjú, lórí ilẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ Verna yá, tí ọgbà gíga yí ká, tí gbogbo ẹni tó wọlé síbẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ ló jókòó sí, kò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lé Darla, ó sì dúró nígbà mẹ́ta láti bi í bóyá ara rẹ̀ dá.

"Ṣé o máa lé mi ni, àbí o fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi?" Darla bi í.

Royce rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà ọlọ́pàá. Ó tún sáré. Ṣùgbọ́n Darla gbọ́ ọ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ó ń dá ara rẹ̀ dúró, pé ẹnìkan ń ṣọ́ ọ láti inú orí ara rẹ̀. Títí di òní, ẹni yẹn kò tíì lọ tán. Ó ń dín kù, wọ́n á ní ó ti dín kù, á tún yọjú. Àwọn Sunday kan wà tí Royce máa ń ní kò rọrùn fún òun, Darla á sì sá lọ fúnra rẹ̀ yí ọgbà náà po, kò sẹ́ni tó ń lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Òní." Janelle á dáhùn, "Mo ti rí i." Tí wọ́n bá délé, Darla á tún kọ pé, "A ti délé." Wọn kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ òjò àti ti ọmọ igi ni wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá pàdé.

Ìgbà kan wà nínú oṣù kẹfà tí wọ́n ti ibẹ̀ délé, tó rẹ Darla púpọ̀, ó sùn lọ láìkọ nǹkan kan. Ìró ọkọ̀ ló jí i. Ó yọ ojú lójú fèrèsé, ó sì rí Janelle lẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò pa iná rẹ̀, tó di ìdarí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Darla jáde sí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Wọlé wá mu kọfí."

"Rárá." Janelle wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀. "Mo kàn fẹ́ rí ẹ ni."

Ó yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ.